Kókó ọrùn tí kò dunni: ẹ jẹ́ ká kó ohun tá a mọ̀ nípa lymphoma jọ síbí

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri ayé láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa lymphoma, jẹjẹrẹ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn kókó kéékèèké ara wa. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ohun kan tí mo rí ní wọ́ọ̀dù kò kúrò lọ́kàn mi: ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé àìsàn yìí wá bá wa ló ti rí kókó náà tipẹ́. Wọ́n rí i nígbà tí wọ́n ń fá irùngbọ̀n, nígbà tí wọ́n ń wé gèlè, nígbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ. Wọ́n fi í sílẹ̀ torí pé kò dùn wọ́n. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí kò bá dunni, a kì í kà á sí àìsàn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe rí, ẹni tó tọ́jú aláìsàn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ilé ìwòsàn tàbí dókítà kankan láti fẹ̀sùn kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí nínú ara. Yàtọ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀, àwọn òpó tín-ín-rín mìíràn wà káàkiri ara wa. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ ní ọ̀nà rẹ̀, omi díẹ̀ máa ń jò sáàárín ẹran ara. Àwọn òpó yìí ló ń gbà á, bí gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì ṣe ń gba omi òjò, wọ́n á sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ nítòsí ìsàlẹ̀ ọrùn. Omi náà ni wọ́n ń pè ní lymph. Kó tó dé ibi tó ń lọ, á gba inú àwọn kókó kan kọjá. Wọ́n tó nǹkan bí 600 lára àgbàlagbà: ní ọrùn, ní abíyá, níbi tí itan ti so mọ́ ikùn, àti nínú àyà àti ikùn níbi tí ọwọ́ ò lè tó. Inú wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ́ lymphocyte ti ń dá kòkòrò àrùn mọ̀, tí wọ́n sì ń gbógun tì í. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ mú kókó yọ ní itan, tí eyín tó kẹ̀ sì ń mú kókó yọ lábẹ́ àgbọ̀n. Irú kókó bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó máa ń dunni, ó sì máa ń lọ bí ọgbẹ́ bá jinná.

Bí ọ̀kan nínú àwọn lymphocyte yẹn bá yí padà, tó wá ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró, lymphoma nìyẹn. Oríṣi rẹ̀ lé ní 60. Èyí tí ẹ máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù ni Hodgkin, wọ́n fi orúkọ Thomas Hodgkin pè é, dókítà tó kọ nípa rẹ̀ ní London ní 1832.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun gan-an, Ma. Kókó kéékèèké wà lẹ́yìn ọrùn ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún. Wọn ò ju hóró ẹ̀wà lọ. Látìgbà tí mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ọkàn mi ò balẹ̀. Èwo ló yẹ kí n kà sí ewu?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìbàdàn)

Ẹ fara balẹ̀. Ẹ ya irun orí rẹ̀ wò dáadáa. Ṣé làpálàpá wà níbẹ̀, tàbí eéwo, tàbí iná orí? Kókó ẹ̀yìn ọrùn ọmọdé, orí ló sábà máa ń ti wá. Ọmọ tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀fìnkìn kì í ṣàìní kókó díẹ̀. Èyí tó kéré, tó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka, tí kò dàgbà sí i, ẹ wo orí náà sàn, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fojú fò ni kókó tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láìsí ọgbẹ́ tàbí àrùn tó fà á, èyí tó ń tóbi sí i, èyí tó ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, èyí tó ki tí kò sì dùn ún bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé inú kòtò tó wà lókè egungun èjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn, ló yọ sí, ẹ má dúró ṣọ́ ọ rárá, bó ti wù kó kéré tó. Omi láti inú àyà àti ikùn ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ohun tó mú un wú sì lè fara pamọ́ sínú lọ́hùn-ún.

Tẹ́lọ̀ Ṣágámù

Hodgkin ló ṣe mí. Inú àyà ni kókó tèmi ti kọ́kọ́ wú, torí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn. Ara yíyún ló kọ́kọ́ yọjú. Kò sí èélá, kò sí kúrúnà, awọ ara mi mọ́ kedere, ṣùgbọ́n màá họ ẹsẹ̀ títí á fi bó. Mo pààrọ̀ ọṣẹ, mo pààrọ̀ ìpara, pàbó ló já sí. Ibà wá bẹ̀rẹ̀, á dé lálẹ́, á lọ láàárọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, malaria àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń rí. Mo lo oògùn, ó rọlẹ̀, ó tún padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òógùn dáadáa, torí àwọn èèyàn máa ń sọ pé ta ni kì í làágùn ní Nàìjíríà nígbà tí wọn ò bá mú iná wá. Òógùn ooru, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló máa ń kàn. Ní tèmi, ara ìyàwó mi á gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ tèmi á rin gbingbin, a máa ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láàárín òru, kódà nígbà ọyẹ́. Àwọn ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán fún ara mi wá ń yọ̀ bọ́ nídìí mi. Tẹ́lọ̀ ni mí, mo mọ ìwọ̀n mi.

Dókítà tó wá rídìí ọ̀rọ̀ náà sọ fún mi pé ohun mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi ẹni tí wọ́n bá fura sí: ibà tó ju 38 lọ lórí ẹ̀rọ tí kò nídìí, òógùn òru tó ń mú aṣọ rin, àti kí èèyàn fọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà láìgbààwẹ̀. Ẹni tó wọn kílò 70 tó wá wálẹ̀ sí 62 láìmọ ohun tó fà á, kó má jókòó sílé.

Ikọ́ gbígbẹ náà wà níbẹ̀, mi ò sì lè mí dáadáa bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n fi mí sórí oògùn rẹ̀ láìrí kòkòrò rẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi. Ìgbà tí ọ̀kan yọ sí ọrùn ni wọ́n tó gé e wò. Oògùn mẹ́rin tí wọ́n pa orúkọ wọn pọ̀ di ABVD ni mo gbà sínú iṣan, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ọ̀kan nínú wọn pupa, ó sì máa ń sọ ìtọ̀ di pupa. Ẹni tó bá rí i, kó má bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ ni.

Ara mi ti yá, mo ti padà sídìí máṣíìnì mi. Àwọn ọ̀dọ́ ni Hodgkin máa ń ṣe jù, ó sì wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń gbọ́ oògùn jù lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyẹn náà, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù nìkan la máa sọ níbí.

Dókítà Láàbù (Ilé-Ifẹ̀)

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo ẹran ara lábẹ́ awò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tẹ́lọ̀ wọ́pọ̀ gan-an. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ inú kókó ọrùn, ó lè fa ibà, òógùn òru àti fífọn, gẹ́gẹ́ bíi lymphoma gẹ́lẹ́. Ojú ò lè yà wọ́n, ọwọ́ ò sì lè yà wọ́n. Bí wọ́n bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, ẹ fọ̀wọ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi mọ̀. Ṣé wọ́n ti ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ? Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ibùdó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti wà lórí oògùn láìsí ẹ̀rí, tí kókó sì ń dàgbà, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n gé kókó náà fún àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Èsì ẹ̀jẹ̀ lè mọ́ tónítóní kí lymphoma sì wà lára. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jáde dára láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í sábà tó fún lymphoma, torí a fẹ́ rí bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe tò sí ara wọn. Ó sàn kí wọ́n yọ odindi kókó kan, tàbí kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ńlá gé ẹran díẹ̀ jáde. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ pé bí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ, yóò tàn ká. Gígé kókó fún àyẹ̀wò kì í mú lymphoma tàn. Bí a ò bá sì gé e, a ò lè mọ irú èyí tó jẹ́, oògùn wọn yàtọ̀ síra.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, mọ̀lẹ́bí ló máa ń gbé ẹran náà lọ sí láàbù. Inú formalin, omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni kó wà, kí formalin náà bò ó dáadáa. Ẹ má fi í sínú spirit, ẹ má fi í sínú omi, ẹ má gbé e gbígbẹ sínú fíríìjì di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹran tó bá ti bàjẹ́ kò ṣeé kà mọ́, wọ́n á ní láti tún aláìsàn gé. Tí èsì bá jáde, ẹ gba ẹ̀dà kan sọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni ẹran yẹn gan-an tí a ti sé mọ́nú àbẹ́là, láàbù ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí dókítà bá tún fẹ́ àyẹ̀wò míì tó ń fi oríṣi lymphoma hàn, òun la máa mú lò.

Èyí tó ká mi lára jù ni dexamethasone àti prednisolone. Ẹ má lò ó kí wọ́n tó gé kókó, àfi tí dókítà tó mọ̀ nípa kókó náà bá fún yín torí pàjáwìrì. Oògùn méjèèjì lè mú kí lymphoma súnkì fúngbà díẹ̀. Kókó á wọlẹ̀, ara á yá, bí wọ́n bá sì gé e lásìkò yẹn, ohun tí mò ń wò lábẹ́ awò lè ṣì mí lọ́nà. Lẹ́yìn náà, á padà. Dexa wà ní gbogbo kẹ́mísìtì, ẹni tó bá sì ń fọn máa ń rà á láti fi sanra. Ẹni tó ń fọn láìnídìí gan-an ló yẹ kó sá fún un jù. Ẹni tó bá ti ń lò ó bọ̀ ọjọ́ pẹ́, kó má dá a dúró lójijì, kó sọ fún dókítà.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀yọ́)

Dókítà, ẹ ṣeun. Ẹ bá wa sọ nípa ti ọmọdé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ àbúrò mi obìnrin ló wú, eyín rẹ̀ ń mì, bẹ́ẹ̀ kò tíì tó ìgbà tó ń ká eyín. Gbogbo wa ló sọ pé eyín ni. Wọ́n yọ ọ̀kan, wíwú náà túbọ̀ yára ni. Burkitt ni wọ́n pè é níkẹyìn.

Dókítà Láàbù (Ilé-Ifẹ̀)

Ìyá Ìbejì, mo dúpẹ́ pé ẹ mú un wá. Èyí ni lymphoma tó kan ilẹ̀ wa jù. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala, ló kọ nípa rẹ̀ ní 1958, lẹ́yìn tó ti rí àwọn ọmọdé tí àgbọ̀n wọn wú. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí kòkòrò kan nínú ẹran tí wọ́n gbé láti Uganda lọ sí London, òun là ń pè ní Epstein-Barr. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló ti kó kòkòrò náà láti kékeré, kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan. Àmọ́ níbi tí ibà ẹ̀fọn bá ti ń ṣe ọmọ léraléra, ara ọmọ kì í lè ká a lọ́wọ́ kò dáadáa mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí Burkitt pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Ní Ìbàdàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ, ó wà lára èyí tó ń ṣe ọmọdé jù. Bẹ́ ẹ bá ń fi ọmọ sábẹ́ àpò ẹ̀fọn, ẹ ń dín èyí náà kù.

Ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́sàn-án ló sábà máa ń ṣe. Àgbọ̀n wíwú, eyín tó ń mì láìtọ́jọ́, ojú kan tó ń yọ síta, ikùn tó ń le tó sì ń ga, ẹsẹ̀ tó dédé rọ. Kò sí jẹjẹrẹ tó yára dàgbà tó o nínú ara èèyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Torí náà, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì tá a sọ lókè kò kan ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń yára dàgbà náà ló ṣe ń yára gbọ́ oògùn. Wíwú tó bo ojú ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rí i pé ọmọ ń mu omi bí wọ́n bá ṣe ní kó mu ún, torí jẹjẹrẹ tó ń kú lẹ́ẹ̀kan náà máa ń da ìdọ̀tí púpọ̀ sórí kíndìnrín. Kẹ́ ẹ sì parí gbogbo kímò náà. Pé wíwú ojú ti wálẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti tán.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn baba wa ní ewé tí wọ́n fi ń wo kókó ọrùn. Ṣé ẹ̀yin wá ń sọ pé kò wúlò ni?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Ìbàdàn)

Ẹ kú àgbà o, Bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa. Ewé wúlò, Sà. Òdòdó kékeré tó ń yọ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun, tí a máa ń gbìn síwájú ilé, tí òyìnbó ń pè ní periwinkle, inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí vincristine tí wọ́n fi ń wo Burkitt, àti vinblastine tó wà nínú ABVD tí Tẹ́lọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tín-ín-ń-tín ni wọ́n ń yọ jáde, tí wọ́n ń fọ̀ mọ́, tí wọ́n ń wọ̀n mọ́ ara aláìsàn. Ẹnikẹ́ni kó má ṣe sè é mu o, májèlé ni.

Ohun tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé ewé tí wọ́n ń lò fún kókó, kókó eéwo àti ti ọgbẹ́ ni ó sábà ń bá pàdé, ìyẹn á sì lọ tẹ́lẹ̀ náà. Èyí tí kò lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹ má dá a lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí dókítà gé e wò ná.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ìpàdé àwa àgbà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá sọ ọ́ níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Aláṣọ

Wọ́n ń ta tíì kan lórí WhatsApp, wọ́n ní ó ń fọ òpó lymph mọ́, ó sì ń lé jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni?

Dókítà Láàbù (Ilé-Ifẹ̀)

Rárá. Òpó wọ̀nyẹn kì í dọ̀tí débi tí tíì máa fọ̀ ọ́. Ẹ fi owó náà ṣe àyẹ̀wò.

Ọmọ Àtàkpàmé

Mo fẹ́ fi kún un pé òpó kan náà yìí ni àrùn jàbùtẹ́ ń bà jẹ́. Ẹ̀fọn ló ń gbé aràn tín-ín-rín wọ inú ara, aràn á dí òpó, omi á jókòó sí ẹsẹ̀. Jẹjẹrẹ kọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ra. Àwa níbí ní Tógò la kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà, WHO jẹ́rìí sí i ní 2017, lẹ́yìn tí ìjọba ti pín oògùn fún ará ìlú lọ́dọọdún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kó máa fi ọṣẹ àti omi tútù fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó nù ún gbẹ láàárín ọmọ ìka, kó sì máa gbé e sókè bó bá jókòó.

Àbíkẹ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, lè sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, tàbí pé nǹkan oṣù tó fẹ́ dúró ló fa òógùn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ: ọjọ́ tí kókó yọ, bó ṣe tóbi tó, alẹ́ tí aṣọ rin, ìwọ̀n ara yín tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí. Nígbà tí mo ka tèmi sétí GP láti orí ìwé, ohùn rẹ̀ yí padà. Bí wọ́n bá fi yín ránṣẹ́ ní kánjúkánjú ní England, ohun tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, fi ṣe àfojúsùn ni kẹ́ ẹ ti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ pè wọ́n.

Ohun kejì: lymphoma tó bá padà wá lè mú kí aláìsàn nílò stem cell (sẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá) ẹlòmíì, ẹni tí ìran wọn bá sún mọ́ra ló sì sábà máa ń bá ara wọn mu. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà láàárín ọdún 16 sí 30, àjọ Anthony Nolan tó ń wá ẹni tó lè fi stem cell sílẹ̀ ń gba orúkọ, òwú lásán lẹ máa fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún àyẹ̀wò.

Olùtọ́jú (Abẹ́òkúta)

Ọkọ mi ni mo tọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ kí olùtọ́jú mọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ibà lásìkò kímò. Kímò máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun wálẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á. Bí ara bá gbóná dé 38 nígbà yẹn, ẹ má fún un ní Paracetamol kẹ́ ẹ wá máa wò ó di àárọ̀, ẹ má ra oògùn malaria. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá rí pé kímò ló ń gbà. Ẹ ra tẹmómítà sílé ṣáájú. Ọwọ́ téèyàn fi kan iwájú orí kì í sọ òtítọ́.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bímọ, kó sọ ọ́ kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin, torí kímò lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Ojú ń tini láti dá a sílẹ̀, dókítà náà sì lè gbàgbé nínú kánjúkánjú.

Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV, ẹ má bínú. HIV máa ń jẹ́ kí lymphoma rọrùn láti wọlé, tí wọ́n bá sì mọ̀, wọ́n á tọ́jú méjèèjì pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn HIV.

Ní ti owó, ẹ wá medical social worker ilé ìwòsàn náà lọ kí owó tó tán lọ́wọ́ yín. Òun ló mọ ìwé tí ẹ máa kọ, òun ló mọ̀ bóyá ètò ìrànlọ́wọ́ kan wà fún aláìsàn jẹjẹrẹ. Ẹ bi àwọn NHIA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánigbófò ìlera, léèrè ohun tí káàdì yín lè san. Ẹ sì jẹ́ kí àwọn ará ilé tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀, torí wọ́n lè béèrè fún un láàárín òru.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ ṣeun o. Mo ya irun ọmọ náà wò, làpálàpá wà ní ẹ̀yìn orí rẹ̀ lóòótọ́. A ń lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la láti gba oògùn rẹ̀, màá sì ní kí dókítà fọwọ́ kan àwọn kókó náà, kó wọn wọ́n, kó kọ ìwọ̀n wọn sínú fáìlì rẹ̀.